Ẹyin erè nínú ẹ̀rọ ìpa-ẹyin adìẹ: ṣé ó lè pa ọmọ?

Olùsìn Tuntun, Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Erè mi, irú kékeré tí àwọn olùsìn ejò ń pè ní ball python, yé ẹyin mẹ́fà lánàá, ó sì ká mọ́ wọn. Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń pa ẹyin adìẹ ṣófo báyìí. Ooru rẹ̀ wà ní 37.5, ó sì ń yí ẹyin fúnra rẹ̀. Ṣé kí n kó wọn síbẹ̀, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyá wọn? Iná tún ń kọ mí lóminú, nítorí ó lè lọ láti àárọ̀ di alẹ́ ní àdúgbò wa.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ẹ̀pẹ́:
Ọmọ mi, má ṣe kó wọn sínú ẹ̀rọ yẹn. Ooru tí ó ń sọ ẹyin adìẹ di òròmọdìẹ yóò pa ọmọ erè, nítorí 31 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló tó fún un. Yíyí tí ẹ̀rọ náà ń yí ẹyin tilẹ̀ bà mí lẹ́rù ju ooru lọ. Okùn funfun méjì ló di pupa ẹyin adìẹ mú láàárín, ṣùgbọ́n ẹyin ejò kò ní irú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ejò bá yé e tí ọmọ inú rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ èèpo lápá òkè, bí o bá sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn náà, o lè pa á. Fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan kí o tó gbé e, má sì fipá ya àwọn tí ó lẹ̀ mọ́ra. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyin nínú òkùnkùn, wàá rí iṣan pupa tín-ín-rín tí ó ta ká bíi gbòǹgbò; èyí ló lọ́mọ.

Ìyá wọn náà lè ṣe é. Kíká tí ó ká mọ́ wọn kì í jẹ́ kí omi ara ẹyin tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ooru yàrá gbọ́dọ̀ tó, ìyá náà kì í sì í sábà jẹun títí wọn yóò fi pa.

Ìyá Àgbádárìgì:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ní ti iná, àbúrò, wá kúlà fóòmù, kí o to ìgò omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí omi tí ó ti gbóná kì í tètè tutù, yóò sì di ooru mú fún wákàtí díẹ̀. Ike olómorí tí ẹyin wà nínú rẹ̀ ni kí o gbé lé orí ìgò wọ̀nyí. Vermiculite, èérún òkúta fífúyẹ́ tí ó máa ń fa omi mu, ni a ń tẹ́ sínú ike náà, omi tí ìwúwo rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba ni a sì ń pò mọ́ ọn. Bí o bá fọwọ́ fún un, omi kò gbọdọ̀ máa kán. Bí ẹyin bá jìn wọnú ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rinrin kò tó nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pa ni ó jìn wọnú, kò léwu. Láti ọjọ́ tí ejò bá yé ẹyin títí di ọjọ́ tí yóò pa, ìwọ̀n ọjọ́ 55 sí 60 ni. Ọmọ lè ya èèpo, kí ó yọ orí, kí ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ó lè fa ìyókù pupa ẹyin sínú ara. Jọ̀wọ́, má fà á jáde.

Olùsìn Tuntun, Ìkòròdú:
Ẹ ṣeun gan-an ni, mà. Bí ọ̀kan bá hu bátabàta, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò lára àwọn yòókù?

Ìyá Àgbádárìgì:
Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ wọn, fi í sílẹ̀. Ẹyin tí ó lọ́mọ sábà máa ń yè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ti kú. Èèpo tí o bá ya ni kò ní àtúnṣe.