Ẹ gbà mí o: ṣẹ́ẹ̀sì eegun tí mo rà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ohun àtijọ́ jọ. Mo ra odindi àkójọ ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì kan lọ́jà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, irú tí wọ́n ń pè ní Barleycorn, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ́ láyé Ọbabìnrin Victoria. Apá kan funfun, apá kejì pupa. Ewé tí wọ́n fín sí ikùn ọba àti ayaba wù mí púpọ̀.

Ẹni tó tà á búra pé eyín erin ni. Mo délé, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: àmì dúdú wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ ni mo rí, kò sí ìlà tó ń dábùú ara wọn bíi ti eyín erin. Eegun ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. (Ó tiẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, òfin eyín erin ibí ti le láti 2022.)

Ẹṣin pupa kan ti sọnù. Orí ayaba funfun, tí wọ́n ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, kò dúró mọ́. Ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́? Mo fi òwú tútù nu ọmọ ogun pupa kan, àwọ̀ rẹ̀ bá òwú lọ, mo yáa jáwọ́. Kí lẹ fi ń nu tiyín? Níbo ni mo ti lè rí ẹṣin kan ṣoṣo rà?