Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ dá áńbúláǹsì sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ṣé báàsì ni kí n kọ́kọ́ rà?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ọdà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn aládàáni kan níbí ní Àkúrẹ́. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan bímọ ní abúlé kan lọ́nà Ọdà. Ọmọ bọ́ sílẹ̀ láyọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e wá: ọlọ́kadà níwájú, ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, òun láàárín, wọ́n fi ìró gbà á mọ́ra kó má baà ṣubú. Nígbà tí mo gbà á sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. A sá sókè sá sódò, a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kò yè é. Ọkọ rẹ̀ wá ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé a ò tètè dé ni?" Mo mọ èsì, n kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn lèmi àti ọkọ mi ti ń sọ ọ́ pé ká dá áńbúláǹsì sílẹ̀. Awakọ̀ ni ọkọ mi, ó ti ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ti rí báàsì Hiace tòkunbọ̀ kan, ẹni tó ni ín sì gbà ká san án díẹ̀díẹ̀. Tí a bá rà á, ohun tó máa ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa kò ju owó bẹ́ẹ̀dì onítáyà kan àti àgbá ọ́síjìn kan lọ. Ṣé ká rà á? Àwọn wo la máa gbà síṣẹ́? Kí la máa ṣe fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́? Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé gbogbo ẹni tí mo bá finú hàn ló ń sọ pé kí n máa fi ọkọ̀ náà gbé òkú ní Jímọ̀ọ́ àti Sátidé, pé ibẹ̀ lowó wà. Ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Awakọ̀

Ìyàwó wa, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Ọdún méje ni mo fi wa áńbúláǹsì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n gbé bàbá kan kúrò ní ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló jókòó tì í lẹ́yìn. Kò sí nọ́ọ̀sì, kò sí ẹnikẹ́ni. A rìn díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun bàbá ń hó bí ìgbà tí omi bá wọ inú páìpù. Ẹ̀bì ti há a. Ọmọ ń pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró!" Mo dúró, mo sáré lọ sẹ́yìn, mo sì ń wò ó. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe, torí ọkọ̀ ni wọ́n kọ́ mi láti wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí ọ̀fun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Mo ṣì ń gbọ́ ìró yẹn títí dòní.

Nítorí náà, ẹni méjì ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú aláìsàn bí àìsàn bá le, kí awakọ̀ náà sì kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ọkọ yín mọ ọ̀nà, ìyẹn dáa, àmọ́ kò lè wà á tọ̀sán tòru. Awakọ̀ tí oorun ń kùn á sọ ẹni mẹ́rin di aláìsàn. Ẹ tún kìlọ̀ fún un nípa eré. Ẹni tí egungun itan rẹ̀ kán ń jẹ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà níyà, ìró sáírìn kò sì sọ pé kí èèyàn má tẹ bíréèkì. Táyà tòkunbọ̀, ẹ má fi sí ọkọ̀ yẹn rárá.

Akápò

Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n owó oṣù àwọn tí ẹ ní kí wọ́n gbà síṣẹ́ yẹn ńkọ́? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ mọ bí epo ṣe rí. Ìpè pàjáwìrì méjì péré lè wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òkú ń bẹ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí sì máa ń sanwó ṣáájú. Bí ọkọ̀ ò bá pawó, ó máa kú sílé ni, aláìsàn kò sì ní rí i lò. Èmi kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ mọ́.

Ìyá Olóko

Akápò ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà nígboro lẹ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní abúlé tiwa, tí áńbúláǹsì bá wọlé, àwọn èèyàn á ká ọwọ́ lérí, wọ́n á béèrè pé "Ta ló kú?" Ohun tí ojú wa ti mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Ìyàwó ọmọ mi ń rọbí lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ó ní òun kò ní wọ ọkọ̀ òkú, pé àfi kí wọ́n wá takisí. Ìyá rẹ̀ náà gbè é lẹ́sẹ̀. Takisí yẹn pẹ́ kó tó dé. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nọ́ọ̀sì, bí òkú bá wọ ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ọjà á gbọ́. Ọṣẹ kò lè fọ ìyẹn kúrò. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà ní Yorùbá pé: ALÁÀYÈ NÌKAN.

Akápò

Mà, mo gbọ́ o. N kò rò ó dé ibẹ̀ rárá, mo mú ọ̀rọ̀ mi padà. Nọ́ọ̀sì, ẹ wá owó níbòmíràn nígbà náà. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí kò ní ọkọ̀ pọ̀ láti Gáréèjì Iléṣà títí dé Ọ̀bà-Ilé, wọ́n sì nílò ẹni tó máa gbé aláìsàn wọn lọ síbi tó tóbi. Ẹ bá wọn ṣe àdéhùn oṣooṣù. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣe eré ìdárayá, ìpàgọ́ ìjọ, gbọ̀ngàn àpèjẹ, gbogbo wọn ló lè sanwó kí ọkọ̀ yín dúró tì wọ́n fún ọjọ́ kan. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tó tọ ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti ẹni tí kò lówó, òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 dá owó ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ìlera sílẹ̀, ó sì ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ibẹ̀ ni ètò ìtọ́jú pàjáwìrì àti áńbúláǹsì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NEMSAS ti ń jẹun. Áńbúláǹsì tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí lè gbowó lọ́dọ̀ wọn lórí aláìsàn tó gbé. Ẹ lọ béèrè ní iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ ní Alágbàká. Ẹ má kàn gbẹ́kẹ̀ lé e pé owó náà máa tètè dé. Ẹ ní owó epo oṣù mẹ́ta nílẹ̀.

Dókítà Ọ̀wọ̀

Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè ọkọ obìnrin yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Ní ọdún 1994, olùwádìí méjì, Thaddeus àti Maine, ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìdádúró fi ń pa ìyá ọlọ́mọ: wọ́n á pẹ́ nílé kí wọ́n tó pinnu láti lọ, wọ́n á pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á tún pẹ́ ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó dá wọn lóhùn. Ìkejì nìkan ni báàsì lè mú. Bí kò bá sí ẹni tó máa gbé fóònù tó sì máa sọ fún ọkọ ìyàwó pé, "Bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ikùn rẹ̀ báyìí, fi ọmọ sí i lọ́mú, à ń bọ̀," àkókò á ti lọ kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀. Bí ẹ kò bá sì pe ilé ìwòsàn láti ojú ọ̀nà pé kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹnu géètì lẹ máa dúró sí.

Nípa ọ́síjìn, àgbá kékeré tó wọ́pọ̀ nínú áńbúláǹsì, èyí tí wọ́n ń pè ní E, ń gba nǹkan bíi lítà 680. Ẹ fi 10 pín in, torí lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan ni ẹni tí èémí rẹ̀ ti burú lè máa lò. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ni. Bí tírélà bá dábùú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Àgbá kan kò tó. Ẹ sì dè wọ́n mọ́lẹ̀ gírígírí, nítorí bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, àgbá tí kò ní ìdè á fò bí òkò.

Fún ẹ̀jẹ̀ ìyá ọlọ́mọ, ẹ wá aṣọ tí wọ́n ń dì láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ikùn, tó ń fún ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn. Ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé tún lò. Ẹ mọ̀ pé oxytocin, abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ìyá ọlọ́mọ dúró, ń fẹ́ òtútù, 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ kó misoprostol, oògùn oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, sọ́wọ́, kò nílò fìríìjì. Gbogbo èyí kò tó owó báàsì rárá.

Ẹ̀ṣọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni mo bá ṣiṣẹ́, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ni mo sì pẹ́ sí jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. 122 ni nọ́ńbà tiwọn, 112 ni ti pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ lọ kí wọn, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibi ìjàǹbá, ẹ kọ́kọ́ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ sì wọ aṣọ tó ń tàn lóru. Mo ti rí i tí ọkọ̀ mìíràn wá pa àwọn tó ń ṣàánú. Àwọn èèyàn á ti máa fa ẹni tó fara pa lápá lẹ́sẹ̀, ẹ pàṣẹ kí wọ́n dúró, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú kó má baà yí.

Nípa ọlọ́pàá, ẹ̀ka 20 nínú òfin ọdún 2014 tí Akápò dárúkọ sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ti ẹni tí ìbọn bà tún ní òfin tirẹ̀ ní ọdún 2017: kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ì báà gba ìwé ọlọ́pàá wá, ì báà má gbà á. Ẹ tẹ òfin méjèèjì, ẹ fi wọ́n sínú ọkọ̀. Mo ti rí ibi tí ìwé yẹn ti ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ Ìfẹ́dọ̀rẹ́

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba Abíyè, ètò ìtọ́jú aboyún ti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Agbègbè wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, nígbà ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò, kí wọ́n tó ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ ìlera máa ń tọ aboyún lọ sílé, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù tí wọ́n fi ń pè wọ́n, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì wà tó ń gbé wọn. Ọ̀nà oko wa kò gba Hiace nígbà òjò, kẹ̀kẹ́ ń kọjá. Ẹ ronú sí i: kẹ̀kẹ́ á gbé e jáde dé títì, ọkọ̀ yín á gbà á níbẹ̀.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń júwe ilé. "Tẹ́ ẹ bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù, ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi igi àgbálùmọ̀." Lóru, ta ló fẹ́ rí igi? Ẹni tó máa gbé fóònù gbọ́dọ̀ mọ abúlé wọ̀nyí bí ẹni mọ inú ilé rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ọdà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi lánàá, omi ń bọ́ lójú mi nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá Awakọ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Ìyá Olóko, ọ̀rọ̀ òkú ti parí nínú ilé wa. Ọkọ mi ní ohun tí ẹ ní ká kọ yẹn gan-an ni a máa kọ.

A ti ní kí ẹni tó ni Hiace máa tà á fún ẹlòmíràn. Ibi tí a máa gbà bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọkọ mi á lọ kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti jẹ́ agbẹ̀bí lọ́nà Ọdà fún ogún ọdún kó tó fẹ̀yìntì, kò sí abúlé tí kò mọ̀ níbẹ̀. Òun la máa bẹ̀ kó gbé fóònù. A máa bá ọlọ́kẹ̀kẹ́ mẹ́ta àti takisí méjì ṣe àdéhùn, a ó kọ́ wọn bí a ti ń tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ àti bí a ti ń gbé aláìsàn. Èmi á máa dúró dè wọ́n lójú títì pẹ̀lú àpótí ìtọ́jú. Owó tó kù á wà ní báńkì títí a ó fi rí àdéhùn ilé ìwòsàn méjì, mẹ́ta. Ìgbà yẹn la máa ra báàsì.

Dókítà, ṣé ohun kan ṣì kù tí mo gbàgbé?

Dókítà Ọ̀wọ̀

Ìbora. Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Bí òtútù bá mú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kì í fẹ́ dì. Ẹ fi ìbora tó nípọn sínú kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nà Ọdà

Mo ń lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀ ọ̀la. Méjì méjì ni mo máa rà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ.