"Wá" kì í ṣe "wà": ìdí tí mi ò fi lè gba "ìwaṣúra" wọlé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti gbé ọ̀rọ̀ tuntun kalẹ̀ níbí, nínú ìjíròrò wa lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, mo sì ti ń kó ara mi níjàánu láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní geocaching, eré ìgbafẹ́ tí àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn tó ń pàgọ́ sínú igbó ń ṣe, kí á máa pè é ní "ìwaṣúra", ìyẹn wíwá ìṣúra. Ẹni mẹ́ta ti kan sáárá sí i. Lánàá, ẹnì kẹrin lò ó nínú gbólóhùn tirẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe rí, torí ó hàn nínú ohun tí àwọn kan kọ pé wọn ò tíì ṣe é rí. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré kan pamọ́ síta: abẹ́ òkúta, inú ihò igi, ẹ̀yìn òpó. Á fi GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí èèyàn wà, gba iye ìbú àti òró ibẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí i lórí àwòrán ilẹ̀, á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn á tẹ iye náà sínú fóònù rẹ̀, á rìn débẹ̀, á wá àpótí náà títí á fi rí i, á kọ orúkọ àti ọjọ́ sínú ìwé kékeré tó wà nínú rẹ̀, á sì dá a padà síbi tó ti mú un gan-an. Bó bá mú nǹkan kan níbẹ̀, á fi ohun tó tó o tàbí tó jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Eré náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì dùn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ó yá, ẹ wo "wa" inú "ìwaṣúra". Ohùn àárín ni ẹ̀gbọ́n wa fi sí i, wọn ò gbàgbé àmì. Wọ́n tilẹ̀ tẹnu mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo wá nìyẹn? "Wá", tó jẹ́ kéèyàn máa tọ nǹkan kiri, ohùn òkè ló ní, ohùn òkè náà kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ nítorí pé àbọ̀, ìyẹn ohun tí à ń wá, tẹ̀ lé e. A ń wáṣẹ́. A ń wá ẹni tó sọnù. "Wà" tó jẹ́ kéèyàn hú ilẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, òun ló sì máa ń di ohùn àárín bí àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀: a wa kànga, a wa kùsà. Ìdí nìyẹn tí ìwakùsà fi jẹ́ ìwakùsà. Ẹni tó bá kọ "ìwaṣúra" pẹ̀lú ohùn àárín, ohun tó ń sọ fún mi ni pé kí n gbé ọkọ́, kí n lọ hú ìṣúra nínú ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa fèsì lọ́jọ́ Ẹtì pé ohùn òkè "máa ń rọ̀ nínú àkànpọ̀". Níbo ló ti ń rọ̀? Ẹ mú "ìwádìí" wò. Wá àti ìdí ló para pọ̀ níbẹ̀. Fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ìdí ti pajẹ, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò kú, ó sún síwájú, ó fi ara rẹ̀ hàn lórí "dìí". "Wá" fúnra rẹ̀ jókòó síbi tó wà pẹ̀lú ohùn òkè rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kan wá mọ́ ìṣúra lọ́nà kan náà, "ìwáṣùúra" ló yẹ kó jáde. Mo ti pè é sókè nínú ilé ní àìmọye ìgbà, ahọ́n ò gbà á. Ó yé mi pé ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ ọ̀rọ̀ tó máa rọ ẹnu lọ́rùn, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn ká wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Wọ́n tún ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún náà tọkàntọkàn. Ìyá tó bí ìyá mi kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, àmọ́ ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ yìí. Tí nǹkan mi bá sọnù, tí mo wá ń fi ìkánjú sọ̀rọ̀, tí ohùn sì bọ́ mọ́ mi lẹ́nu, tí mo ní "mò ń wà á", wọ́n á dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ wo lò ń wà?" Wọn ò ní dá mi lóhùn mọ́ títí n ó fi sọ pé "mò ń wá a". Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ náà ṣe ń yí padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì: wá a, wà á. Ìyá yẹn kò mọ orúkọ tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń pe òfin náà, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí wọ́n ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan rí títí wọ́n fi lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àmì orí ìwé lásán ni mò ń bá fà á. Lóṣù tó kọjá, èmi àti àbúrò mi lọ pàgọ́ sétí odò kan. Mo ti ka àbá ẹ̀gbọ́n wa nígbà náà, torí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwa díẹ̀, mo sì ní kí n lò ó wò. Mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àbúrò mi pé kó mú bàtà tó le dání, pé láàárọ̀ a ó jọ waṣúra. Ó mú bàtà, ó mú ọkọ́ kékeré kan kún un. Mi ò bi í léèrè; mo rò pé ti ibi tá a fẹ́ fi iná sí ni. Ìgbà tí fóònù sọ pé ó ku mítà mẹ́fà, mo ń yí igi kan po, mo ń fojú wá ibi tó ṣe bákan. Kí n tó wẹ̀yìn, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti hú ilẹ̀ ìdí igi náà jìnnà, koríko ti fọ́n ká, gbòǹgbò méjì ti já. "Ṣebí wíwà la wá wà?" Ohun tó bi mí nìyẹn, mi ò sì rí èsì fún un.

Àpótí náà kò sí nínú ilẹ̀ rárá. Orí ìtì igi kan tó ti ṣubú ló wà, nínú pàlàpálá rẹ̀, ó ga tó orúnkún, èèpo igi kan ni wọ́n fi bò ó. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú rẹ̀ ni ìwé kékeré kan wà nínú ọ̀rá, etí rẹ̀ ti rin díẹ̀, pẹ́ńsù tó ti kúrú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A tún bá bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan, owó ẹyọ kan tí ìpẹtà ti bò, àti aláǹgbá oníke tí ìrù rẹ̀ ti gé. A kọ orúkọ wa. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ tí àbúrò mi hú padà sídìí igi, inú mi ò sì dùn, torí òfin eré yìí kò fàyè gba kéèyàn gbẹ́ ilẹ̀ láti fi àpótí pamọ́ tàbí láti rí i, àfi bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ọ̀rọ̀ tí a fún ọmọ náà ló rán an níṣẹ́ tó jẹ́.

Ẹnì kan á sọ pé (mo mọ̀ ọ́n, ó ti sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀) korobá tí wọ́n fi ṣe àpótí àkọ́kọ́ gan-an nínú eré náà wà nínú ilẹ̀. Òótọ́ ni, mi ò ní fi pa mọ́. Lọ́jọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí Bill Clinton ń ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà, ìjọba wọn mú àṣìṣe tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú àmì GPS tí ará ìlú ń gbà kúrò. Ẹ̀rọ tó lè fi 100 mítà ṣìnà tẹ́lẹ̀ wá ń mú èèyàn dé tòsí. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ 3, Dave Ulmer gbé korobá dúdú kan síbì kan nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, apá kan rẹ̀ wọnú ilẹ̀, ó sì gbé iye ìbú àti òró rẹ̀ síta. Mike Teague ló kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń darí eré náà ti fòfin de rírì mọ́lẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Kí ló wá dé tí àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ lórúkọ fi máa mú ohun tí wọ́n ti jù nù?

Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ìtàn yẹn rèé. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pe eré náà, "stash", ìyẹn ohun tí a gbé pamọ́, ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan láàárín wọn fi ní ọ̀rọ̀ yẹn ń rùn, pé ó ń mú ọkàn lọ sí oògùn olóró tí èèyàn gbé pamọ́. Lọ́jọ́ 30 oṣù Karùn-ún kan náà, Matt Stum dá "geocaching" lábàá nínú irú ìjíròrò tí a ń ṣe yìí gẹ́lẹ́. Oṣù kan ò tíì pé! Àwọn náà jókòó ti ọ̀rọ̀ kan, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé mò ń fi ohùn kan ṣoṣo dá iṣẹ́ dúró.

"Cache" tó wà nínú orúkọ náà, èdè Faransé ni wọ́n ti mú un, ó sì jẹ mọ́ fífi nǹkan pamọ́. Kò sí ìṣúra níbẹ̀. Ìṣúra ni ohun tí ọba ń tì mọ́lé tó ń fi ẹ̀ṣọ́ ṣọ́. Aláǹgbá oníke tí ìrù rẹ̀ gé kì í ṣe ìṣúra. Àpótí mìíràn ò ju èékánná lọ, bébà tó ká roboto nìkan ló gbà. Nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ tún ohùn "wá" ṣe, "ṣúra" ṣì wà níbẹ̀ tó ń purọ́.

Àwọn tó ní kí á kàn kọ ọ́ ní "jíókáṣì" kí á sì sinmi, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n etí Yorùbá á gbọ́ owó nínú káṣì, ọ̀rọ̀ ìṣúra á tún padà wọlé gba ẹ̀yìnkùlé. Bojúbojú tí ìyá kan dárúkọ wù mí gan-an. Ó kàn jẹ́ pé èèyàn ló ń sá pamọ́ nínú bojúbojú.

Àbá tèmi ni "àpamọ́wá". Àdìtú ni mo wò ṣe é, bí èmi ṣe gbọ́ ọ: à, dì, tú, ohun tí a dì kí ẹlòmíràn lè tú u. Àpamọ́wá: ohun tí a pa mọ́ kí ẹlòmíràn lè wá a. Àpótí náà ni àpamọ́wá, eré náà ni eré àpamọ́wá. Kí á fi àdìtú fúnra rẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n máa ń fi ìṣirò tàbí àlọ́ bo ibi tó wà, torí irú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní ó ti sún mọ́ àpamọ́wọ́ jù. Bó ṣe sún mọ́ ọn ló dùn mọ́ mi: èyí tí a pa mọ́ ọwọ́, àti èyí tí a pa mọ́ fún wíwá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Arábìnrin kan ló rí ihò tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́: ó ní "wá" tó jẹ́ kéèyàn dé náà, ohùn òkè ló ní, pé ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí ohun tí a pa mọ́ tí a sì gbé wá. Mo gbà. Bí ìyẹn bá ń dà yín láàmú, ẹ fi "rí" kún un, "àpamọ́wárí". Ó gùn, àmọ́ "rí" máa ti ìlẹ̀kùn yẹn. Ẹ má ṣáà sọ ọ́ di "ìwárí" lásán. Tọba la mọ wárí mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti àwọn tí kò mọ̀ nípa eré náà, tí wọ́n á máa kọjá lọ nígbà tí èèyàn bá ń wá àpótí, téèyàn á sì ṣe bí ẹni tó ń so okùn bàtà títí wọ́n á fi lọ. Ọ̀gbẹ̀rì ni mo pè wọ́n, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú èdè wa. Arákùnrin kan ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé ọ̀rọ̀ awo ni, pé ẹ̀sìn òun kò gbà á. Mo ti fún un lésì tèmi. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tirẹ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹni tó sì ń bá mi jà lórí "ìpàgọ́", tó ní ológun nìkan ló ń pàgọ́, kó jọ̀ọ́ kó fara balẹ̀. A ó padà síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò fi yín wọ́lẹ̀. Ohun kan péré ni mò ń fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá, èyí tí gbogbo wa mọ̀, tí wá tó jẹ́ ti wíwá nǹkan kiri ti wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè tó sì jáde pẹ̀lú ohùn àárín. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì fi ibi tí ohùn òkè náà gbà lọ hàn mí.