Ẹni tó ti ṣubú, tó fi orí gbá ilẹ̀ rí, kí lẹ rí lẹ́yìn rẹ̀?

Ìyá Àwẹ̀ró, Kétu: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkọ mi já bọ́ lórí zémíjàn, ọ̀kadà akérò, lọ́nà Pobẹ. Ọgbẹ́ jinná, ó padà sóko. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìṣubú náà ni wárápá kọ́kọ́ gbé e nínú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n ya orí rẹ̀ ní sikánà ní Kútọnu, wọ́n ní àpá wà nínú ọpọlọ. Ta ló ti gbọ́ irú ẹ̀ rí?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Èmi.

Bàbá Kàmọ́rù, Àjàṣẹ́: Kókó ni wọ́n bá nínú ọpọlọ ẹ̀gbọ́n tèmi. Ó ṣubú ní balùwẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n rí i. Ìṣubú yẹn ló fà á.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń gbé ti ọpọlọ ró. Astrocyte wà lára wọn, wọ́n rí bí ìràwọ̀. Bí orí bá fara pa, wọ́n á wú, wọ́n á máa pín, wọ́n á mọ odi yí ọgbẹ́ ká kí ìbàjẹ́ má bàa ràn. Odi yẹn ni àpá ọkọ Ìyá Àwẹ̀ró, ó sì lè máa ru wárápá sókè. Àmọ́ wọ́n máa ń ṣíwọ́. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó bá ń pín láì ṣíwọ́ ló ń di kókó tí wọ́n ń pè ní glioma. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó forí gbálẹ̀ kì í ní i. Kókó kì í sì í fi ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ́ẹ̀. Bóyá òun ló gbé ẹ̀gbọ́n yín ṣubú.

Bàbá Kàmọ́rù: Ara rẹ̀ le kó tó ṣubú! Mi ò gbà.

Sùúrù: Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ má fọwọ́ kan itọ́ ẹnu rẹ̀ o, ó ń ràn.

Ìyá Àwẹ̀ró: Kì í ràn! Irú ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ káwọn ọmọ mi máa sá fún bàbá wọn. Èmi ni mò ń nù ún.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Kò ràn rárá. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu.

Zémíjàn Akaba Ìdènà: Mo ní kásìkì méjì, akoto tó ń dáàbò bo orí. Àwọn obìnrin ní ó ń ba gèlè jẹ́.

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́: Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ ná!

Ìyá Àwẹ̀ró: Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, o ní ìwọ. Sọ tìrẹ, jọ̀ọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Orí àpáta ni mo ti yọ̀ ṣubú, mà. Phenobarbital, oògùn wárápá, ni mò ń lò lójoojúmọ́. Nígbà ìkórè iṣu, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Etí kànga ni wárápá ti gbé mi. Àbúrò mi ló di aṣọ mi mú.

Ìyá Àwẹ̀ró: Àárọ̀ lo ń lò ó àbí alẹ́?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Alẹ́, mà. Ìyá mi ló ń kà á sí mi lọ́wọ́ báyìí.