Káńsù kó ọmọ ìbátan mi wá lóru, wọ́n ní kò sówó: ṣé bẹ́ẹ̀ lòfin wí?

Màmá Tèmi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí là mí lọ́yẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní London níbí, àárẹ̀ ọpọlọ gbé e dé ọsibítù lóṣù February. Lóru ọjọ́ náà, sóṣà wọ́kà káńsù pè mí. Ó ní ọlọ́pàá wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 9 àti obìnrin ọmọ ọdún 4, pé bí n kò bá gbà wọ́n, ó ṣeé ṣe kí wọ́n pín wọn sílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀ tí á padà sùn? Mo ní kí wọ́n máa kó wọn bọ̀. Àpò náílọ́ọ̀nù kan péré ni ẹrù wọn, kò sì sí bàtà lẹ́sẹ̀ èyí obìnrin.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Mo ti fi èyí tó pọ̀ nínú ṣíìfù mi sílẹ̀, torí bọ́ọ̀sì ni bàbá Tèmi ń wà, ìdájí ló sì sábà máa ń jáde. Bẹ́ẹ̀dì, yúnífọ́ọ̀mù, oúnjẹ, owó iná, gbogbo rẹ̀ dọwọ́ wa. Mo béèrè ìrànlọ́wọ́, sóṣà wọ́kà ní ètò ẹbí ni, pé àdéhùn àárín èmi àti ìyá wọn ni, káńsù ò sí níbẹ̀. Ìyá wọn tí kò dá èèyàn mọ̀ lọ́jọ́ náà! Àdéhùn wo la jọ ṣe?

Màámi l'Abẹ́òkúta wá ní n kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lórí ọmọ ẹbí, pé aráyé á ní mo ń fi ọmọ ọlọ́mọ jẹun. N kò fẹ́ fi wọ́n jẹun o, àwọn ni mo fẹ́ kó rí jẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì

Ọlọ́run á san án fún yín, Màmá Tèmi. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ rọra ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń bá káńsù fa owó, wọ́n á máa wọlé yín, wọ́n á máa yẹ fíríìjì wò. Ẹ gba Child Benefit, owó ọmọ tí ìjọba ń san, lórí àwọn ọmọ náà, kẹ́ ẹ fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Àǹtí Bíọ́lá

Màmá Tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sà, káńsù ti wọ ọ̀rọ̀ yìí láti òru tí wọ́n ti pè é. Child Benefit tẹ́ ẹ sì wí, ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026, £17.25 lọ́sẹ̀ ni lórí ọmọ tó bá tẹ̀lé àkọ́kọ́. Kí ni ìyẹn fẹ́ rà?

Alágbàtọ́ (foster carer) ni mí, ọmọ ẹbí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ dì mú: ta ló ṣètò bí àwọn ọmọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín? Bó bá jẹ́ ìyá wọn ló bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àtòun ni. Bó bá jẹ́ káńsù ló wá yín kàn, abẹ́ abala 20 nínú òfin Children Act 1989 làwọn ọmọ náà wà, èyí tó ní kí káńsù wá ibùgbé fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lè tọ́jú, káńsù ló ni ìnáwó wọn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dá a bẹ́ẹ̀ ní 2007. Káńsù Southwark ní kí obìnrin kan tó ti fẹ́ bàbá ọmọ kan rí gba ọmọ náà sọ́dọ̀, wọ́n wá ní àdéhùn ara wọn ni. Àwọn adájọ́ ò gbà. Wọ́n ní bí káńsù bá fẹ́ kó jẹ́ àdéhùn ara ẹni, kó sọ ọ́ gbangba fún ẹni tó ń gba ọmọ pé ọwọ́ òbí ni kó ti máa retí owó, kò gbọdọ̀ retí rẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù. Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lóru yẹn?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Lójú tiwa, ẹ̀yin ni àǹtí àwọn ọmọ yìí. Òfin ibí ò kà á bẹ́ẹ̀. Òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀, ọkọ ìyá, ìyàwó bàbá, ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ìbátan ìyá wọn ò sí nínú ẹ̀. Torí náà, ká tiẹ̀ gbà fún wọn pé àdéhùn ara ẹni ni, private fostering, ìyẹn kí ẹni tí òfin ò kà sí ẹbí máa tọ́ ọmọ fún òbí rẹ̀, ni yóò jẹ́ bó bá ti tó ọjọ́ 28, káńsù sì gbọ́dọ̀ máa bẹ àwọn ọmọ náà wò. Ìyẹn ò mówó wá, àmọ́ ẹ rí i pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà ní àwọn ò sí níbẹ̀.

Wọ́n á ní wọn ò tíì fọwọ́ sí yín bí alágbàtọ́. Ìlànà ọdún 2010 gbà wọ́n láyè láti fọwọ́ sí ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 16 ná, kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò lọ. Bí wọ́n bá sì ní owó alágbàtọ́ tó jẹ́ ẹbí gbọ́dọ̀ kéré sí ti àjèjì, ẹjọ́ tí wọ́n dá lórí káńsù Manchester ní 2001 ti pa ìyẹn tì. Iye tí ìjọba ní káńsù ò gbọdọ̀ san dín sí fún alágbàtọ́, ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026, bẹ̀rẹ̀ láti £170 lọ́sẹ̀ lórí ọmọ ọwọ́ níbi tó ti kéré jù ní England, ó dé £299 lórí ọmọ ọdún 16 tàbí 17 ní London. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni o. Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré, kì í kà á mọ́ owó tó ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní lè gba Child Benefit lórí àwọn ọmọ náà mọ́. Owó orí kì í sábà kàn án: ní 2023 wọ́n gbé àlà iye tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀ kúrò ní £10,000 sí £18,140 fún ilé kan lọ́dún, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi kún un lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, kẹ́ ẹ máa kún fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: láìpẹ́ wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gba special guardianship, àṣẹ ilé ẹjọ́ tó máa fi àwọn ọmọ náà sábẹ́ yín títí wọ́n á fi dàgbà. Ó lè dáa fún àwọn ọmọ. Ẹ má gbà á kẹ́ ẹ tó rí ìlérí owó lórí ìwé, torí wọ́n máa ń wo owó tó ń wọlé fún yín kí wọ́n tó san tirẹ̀. Ẹ pe Family Rights Group tàbí Kinship, àwọn àjọ tó ń ran ẹbí bíi tiyín lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.

Ọmọ Kent

Mo fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ tí Màmá l'Abẹ́òkúta sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ làwọn òbí mi nígbà náà. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ayé ìgbà yẹn, inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti rí ìyá òyìnbó tó tọ́ mi létí òkun ní Kent. Àwọn ló ń fi owó ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, káńsù ò dá sí i. Ìyá yẹn fẹ́ràn mi dọ́kàn. Síbẹ̀ bí owó bá pẹ́, mo máa ń mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: ẹran á dín lórí tábìlì, ìyá á máa fojú wá ẹni tó ń pín lẹ́tà. Ọmọ kékeré ni mí, mo ń rò pé èmi ni mo dá gbèsè náà. Ẹ sọ fún Màmá pé owó tó ń wọlé déédéé ni kò ní jẹ́ káwọn ọmọ yìí máa ronú bẹ́ẹ̀.

Màmá Tèmi

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti wo fóònù mi: nọ́ńbà sóṣà wọ́kà wà níbẹ̀, àti tẹ́ẹ̀sì tó fi dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé mo gbà láti mú wọn nígbà tóun bẹ̀ mí. Àǹtí Bíọ́lá, ṣé òun ni kí n kọ̀wé sí àbí ọ̀gá ẹ̀?

Àǹtí Bíọ́lá

Ọ̀gá ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ṣọwọ́ sóun náà. Ẹ fi fọ́tò tẹ́ẹ̀sì yẹn sí i, ẹ dárúkọ abala 20 àti ẹjọ́ Southwark, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fèsì lórí ìwé. Ẹ béèrè owó náà láti òru tí àwọn ọmọ dé o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á láti ọjọ́ lẹ́tà.