Ìmọ́lọ́wọ́: èsì mi lórí “àtúnkọ́ ẹ̀bùn” nínú iṣẹ́ ìjọba

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lánàá ni ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe ètò tí ìjọba fi ń wá àwọn tó mọṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ọba ní “àtúnkọ́ ẹ̀bùn àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.” Ohun tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tú ni “talent,” tí wọ́n pè ní ẹ̀bùn, àti “expertise,” tí wọ́n pè ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ẹ̀bùn, Ọlọ́run ló ń fúnni. Ẹni tí ohùn rẹ̀ dùn láti kékeré ní ẹ̀bùn. Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ tún ẹ̀bùn kọ́, ohun tí etí Yorùbá máa gbọ́ ni pé ìjọba fẹ́ bá ènìyàn tún orí yàn. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn gan-an ni ìwé yẹn ń tọ́ka sí, àwọn tó mọṣẹ́. A ti ní amọṣẹ́dunjú àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fún wọn tipẹ́.

“Àtúnkọ́” pàápàá ń fa àṣìgbọ́, nítorí kọ́ tí a fi ń kọ́lé náà ni kọ́ tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá ka “àtúnkọ́ òṣìṣẹ́” lè rò pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo wọn padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà ní Topo, ní Àgbádárìgì, láti 1973. Ilé ẹ̀kọ́ dára, ṣùgbọ́n ohun tó sọnù nínú iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí a lè rí gbà tán nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ọ́fíìsì omi ìjọba kan. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọn kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, àmọ́ àwọn ló mọ ibi tí páìpù gbà kọjá lábẹ́ ìlú náà. Ọdún 35 wọn lẹ́nu iṣẹ́ pé, wọ́n gba lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, a ṣe àríyá fún wọn, wọ́n lọ sílé. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí páìpù ńlá kan fi bẹ́ lóru. Omi ń ya wọlé onílé, ẹ̀ńjíníà méjì dúró tàwòrán-tàwòrán, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ti lè ti omi náà. Àfìgbà tí mo gun ọ̀kadà lọ gbé Bàbá wá. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹ̀bá ògiri kan, wọ́n ní ká gbẹ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ló wà. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní, “Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ tí mò ń wá nìyẹn. Ìmọ́lọ́wọ́. Mọ́ olóhùn òkè ni o, kì í ṣe mọ̀. Ìmọ̀ lè wà nínú ìwé. Ìmọ́lọ́wọ́, ara ènìyàn ló ń gbé, ohun tó bá sì mọ́ni lọ́wọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀bùn kì í bọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan máa sọ pé “ìmọ́nilọ́wọ́” ló yẹ kó jẹ́, bí a ṣe ní ìdánilójú. Ṣùgbọ́n a ní ìrànlọ́wọ́, a ní ìdílọ́wọ́, kò sì sí “ni” láàrin wọn. Àtakò tó wúwo jù ni pé olè jíjà náà lè mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, mo sì rò ó dáadáa kí n tó kọ̀wé yìí. Ìwà ńkọ́? Ó lè dára, ó lè burú, a kò tìtorí ẹ̀ jù ú nù. Níbi tó bá lè ṣini lọ́nà, ká sọ pé ìmọ́lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Simeon Adebo padà di olórí wọn, ló ru ẹrù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 àti tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ti 1959. Lẹ́yìn tí Murtala Muhammed gbàjọba ní oṣù Keje 1975, wọ́n lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ káàkiri Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ láìráyè wí tẹnu wọn. Àwọn jẹgúdújẹrá wà nínú wọn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́ bá wọn lọ, ẹni tó jókòó sípò wọn kò sì rí ẹni bi léèrè. Òfin 1988 ti ìjọba Babangida ní kí òṣìṣẹ́ dúró sí iléeṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo títí yóò fi di amọṣẹ́dunjú níbẹ̀. Ó dára lójú mi. Àmọ́ òfin kan náà ló sọ Akọ̀wé Àgbà (Permanent Secretary) nígbà náà di ẹni tí yóò bá ìjọba tó yàn án kógbá wọlé. Ta ni yóò wá fi iṣẹ́ lé ọmọ ẹ̀yìn lọ́wọ́?

Nítorí náà, àbá tèmi ni “kíkó àwọn amọṣẹ́dunjú padà àti ìmúbọ̀sípò ìmọ́lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìjọba.” Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Kí ni ká pe ọ̀dọ́ tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà òṣìṣẹ́ kí àgbà náà tó fẹ̀yìn tì? Nínú Ifá, akápò ni ẹni tó ń gbé àpò tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ títí yóò fi dá dúró. Ó bá a mu gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ti fi akápò jẹ oyè olùtọ́jú owó. Ṣé a lè gbà á padà, àbí kí a fi “ọmọ iṣẹ́” mọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, èsì yín ni mò ń retí.