Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti ń rí ayọ̀ tí ọkàn bá ti gbẹ?

aláró_ìtòkú:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo wà ní kúáyà, sòpránò ni mò ń kọ, ẹni tó bá ń wò mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè á ní obìnrin yìí mà ń gbádùn Ọlọ́run o, bẹ́ẹ̀ tí n bá délé tí mo bọ́ róòbù sílẹ̀ báyìí ó ti parí nìyẹn, gbogbo nǹkan á kàn sú mi. Ó ti tó oṣù mẹ́rin. Kò kúkú sẹ́ni tó kú, ọjà tí ò tà ni, owó sukúù ọmọ, iná, ẹ sáà mọ bó ṣe ń lọ. Mo sọ fún àgbà ìjọ kan, ó ní ẹni tí ò bá láyọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tó ń fi pa mọ́, kí n lọ jẹ́wọ́. Ó dùn mí wọ eegun. Pọ́ọ̀lù ní "Ẹ máa yọ̀ nínú Olúwa nígbà gbogbo", ta ló wá lè pàṣẹ fún inú ẹ̀ pé kó dùn? Ẹ má kàn wá kọ àmín sílẹ̀ o.

ọmọlísàbí77:
Sista, ẹ pẹ̀lẹ́. Àgbà yẹn ò ka Sáàmù ni. Ẹni tó kọ Sáàmù 42, ẹ̀ẹ̀mejì ló bi ara ẹ̀ pé "Èéṣe tí orí rẹ fi tẹ̀ ba, ìwọ ọkàn mi", ẹnikẹ́ni ò sì ní kó lọ jẹ́wọ́. Pọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, inú ẹ̀wọ̀n ló ti kọ̀wé sáwọn ará Fílípì, ìlú tí wọ́n ti nà án lẹ́gba tó sì fi kọrin láàárín òru ní Ìṣe 16. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà, orí 2, ó ní ìbànújẹ́ lórí ìbànújẹ́ ni ì bá bá òun ká ní Epafíródítù, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú iṣẹ́ Olúwa, kú. Ẹni tó lè sọ báyẹn ò purọ́ ẹ̀rín fún wa.

àdúrà_lóògùn:
Ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á lọ.

ìyá_ìbejì_asero:
Ààwẹ̀ kẹ̀? Èmi gbà á títí lọ́dún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá wọn, ọgbẹ́ inú ni mo fi gbà. Nehemáyà 8:10 tá a máa ń fi kọrin pé ayọ̀ Olúwa ni agbára wa, ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn ń sunkún, wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n sì bu ránṣẹ́ sẹ́ni tí ò ní. Ni mo bá ń se ọ̀fadà ní Sátidé, mo ń fi ewé pọ́n díẹ̀ fún màmá àgbà kan ládùúgbò wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́ mò ń kùn lọ ni, ìrẹsì tó wọ́n! Màmá jẹ ẹ́, òkúta dún lẹ́nu wọn kẹ̀kẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ìwọ, ṣé Olúmọ lo sè fún mi ni?" Mo rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín.

bọ̀dé_ọbáńtókò:
😂😂 Ṣùgbọ́n sista, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ń sùn? Ṣé oúnjẹ ń lọ? Oṣù mẹ́rin ti pọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń di àìsàn bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Àtọdún 1954 ni Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ti wà ní Abẹ́òkúta wa yìí, kì í ṣe wèrè orí títì nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Èmi alára ti lọ, mo sì ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè sukúù.

aláró_ìtòkú:
Ẹ ṣé gan-an. Bọ̀dá Bọ̀dé, mi ò sùn o, aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí. Màá lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Láàárọ̀ yìí mo yọ aṣọ kan nínú ìkòkò aró, ó ṣì rí ràkọ̀ràkọ̀ bí ewúro, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi figbe ta pé "Mọ̀mí, ó ti bà jẹ́!" Mo ní kó fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́. Èmi náà wá dúró tì í títí tó fi di búlúù. Mi ò ní fi wàásù o, ó kàn dùn ún wò ni, ó sì ti pẹ́ tí nǹkan ti dùn ún wò lójú mi. Ìyá Ìbejì, ẹ dúró dè mí ní Sátidé, màá wá bá yín ṣa òkúta.